Ẹ̀gà ni àbí ọ̀bọ? Bí ẹ ó ṣe mọ ẹni tó ń jẹ àgbàdo yín

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo dá oko àgbàdo éékà méjì sí ẹ̀bá odò kan ní agbègbè Orí Ire, lẹ́yìn Ògbómọ̀ṣọ́. Àgbàdo ti gbọmọ pọ̀n, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó í sè, ni mo bá rí i pé wọ́n ti ń jẹ ẹ́. Àwọn kan ya lórí, hóró wọn ti di èèpo lásán. Àwọn mìíràn ò sí lórí igi mọ́ rárá. Ewé àwọn tó wà lẹ́bàá ọ̀nà sì ya tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú. Aládùúgbò mi kan ní ẹ̀gà ni. Èkejì ní ọ̀bọ ni, ó ní kí n po oògùn apakòkòrò mọ́ àgbàdo kí n dà á sí etí oko. Kí ni ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì, èwo ló burú jù, kí sì ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú àmúmọ́ra. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé àwọn aládùúgbò yín méjèèjì ló sọ òótọ́: ó jọ pé olè méjì ló ń wọ oko yín. Orí tó ya àti ewé tó ya bí òwú, iṣẹ́ ẹ̀gà ni. Àgbàdo tí kò sí lórí igi mọ́, ó jọ ọwọ́ ọ̀bọ, ṣùgbọ́n ìyẹn la ó kọ́kọ́ wádìí kó tó dá wa lójú. Ní ti oògùn yẹn, mo bẹ̀ yín, ẹ má dà á sílẹ̀. Màá dé orí rẹ̀.

Ẹ̀gà àti ọ̀bọ kì í jẹ oko lóru. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, ẹ̀gà ti bà sórí igi tó ń sùn, ọ̀bọ náà ti gun igi gíga etídò lọ. Nítorí náà, ẹ yí oko ká nígbà tí ilẹ̀ bá fẹ́ ṣú tán, kí ẹ fi ojú sàmì sí ibi tí nǹkan dé, kí ẹ sì tún yí i ká ní ìdájí, kí oòrùn tó yọ. Ohunkóhun tó bá bàjẹ́ láàárín ìgbà méjèèjì yẹn, ẹ má fi kan ẹ̀gà, ẹ má sì fi kan ọ̀bọ. Ọ̀yà ló ń gé igi àgbàdo nísàlẹ̀ lóru, ojú ibi tó gé a máa dá gẹ́rẹ́ bí ìgbà tí wọ́n fi àdá gé e. Òkété náà, òru ló ń jẹ̀. Àparò àti ìkún ń jẹ ní ọ̀sán, ṣùgbọ́n hóró tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn ni wọ́n sábà máa ń wú jẹ, tiyín sì ti kọjá ibẹ̀.

Ẹ wá mú ọ̀kan nínú àgbàdo tí ẹ̀gà jẹ, kí ẹ wò ó dáadáa. Ìdí rẹ̀ ṣì lẹ̀ mọ́ igi, kò mì rárá. Òkè orí rẹ̀, níbi tí irun àgbàdo ti jáde, ni gbogbo ọ̀ràn wà. A mọ̀ pé ìhòòhò ni àgbàdo ń wọlẹ̀, igba aṣọ ló ń mú bọ̀. Aṣọ yẹn ni ẹ̀gà ń fi ẹnu fà ya láti orí wá sísàlẹ̀, wẹ́lẹwẹ̀lẹ, torí pé ẹnu rẹ̀ kúrú ó sì le. Nígbà tí hóró bá yọjú, kì í fà á tu. Ńṣe ló ń gún un, tó ń mu omi funfun inú rẹ̀, tó sì ń fi èèpo hóró sílẹ̀ nínú ihò rẹ̀. Bí ẹ bá tètè dé, omi náà ṣì ń kán sára háhá. Ibi tó jẹ kì í sábà ju ìbú ìka méjì sí mẹ́ta lọ láti orí, ìyókù ọmọ àgbàdo náà á sì wà bó ṣe wà. Ó dà bí ẹni pé àdánù náà kéré. Àmọ́ orí tó ṣí yẹn, òjò ni yóò wọ ibẹ̀, kòkòrò á tẹ̀ lé e, kò sì ní pẹ́ tí àgbàdo á fi bu. Àgbàdo tó bu lè ní májèlé tí oòrùn ò lè sá kúrò lára rẹ̀, tí iná ìdáná ò sì lè sè tán. Nítorí náà, gbogbo àgbàdo tí orí rẹ̀ bá ya, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ ká. Ẹ gé ibi tó jẹ dànù, kí ẹ sè é tàbí kí ẹ sun ún lọ́jọ́ náà, ẹ má sì jẹ́ kó dé àká.

Ewé tó ya bí òwú kì í ṣe oúnjẹ ẹ̀gà. Ilé ló ń fi í kọ́. Akọ ẹ̀gà a bà sí ẹ̀gbẹ́ ewé, a fi ẹnu gé etí ewé náà wọlé díẹ̀, a di ibi tó gé mú ṣinṣin, a wá fò. Bó ṣe ń fò lọ ni ewé ń ya tẹ̀ lé e. Imọ̀ ọ̀pẹ ló fẹ́ràn jù, ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí ọ̀pẹ tó dúró bí ẹni tí wọ́n bọ́ láṣọ, tó jẹ́ ọwọ̀ nìkan ló kù lórí rẹ̀. Bí kò bá rí imọ̀ ọ̀pẹ, á lo ewé àgbàdo tàbí koríko gígùn. Òrùka ló kọ́kọ́ ń hun sára ẹ̀ka. Inú òrùka yẹn ni yóò dúró sí títí iṣẹ́ á fi parí, ibi tí ẹnu rẹ̀ bá na dé ni ilé náà á fẹ̀ dé, á sì dojú ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kọ ilẹ̀. Lẹ́yìn náà, a so rọ̀ lábẹ́ ilé, a máa gbọn ìyẹ́, a máa pariwo pe abo kó wá wò ó. Ilé tó ṣì tutù ni abo ń fẹ́. Bí ewé rẹ̀ bá ti gbẹ tí abo kankan ò gbà á, akọ yóò tú u palẹ̀ fúnra rẹ̀, yóò sì hun òmíràn síbẹ̀. Ìdí rèé tí n kò fi gbà pé kí ẹnikẹ́ni máa fi ọ̀pá já ilé ẹ̀gà lulẹ̀ nígbà tí àgbàdo wà lóko. Ẹyẹ tó mọ ilé í tú palẹ̀ fúnra rẹ̀, tó sì mọ ọ́n tún hun láàárín ọjọ́ díẹ̀, ewé oko yín ni yóò fi tún un hun.

Akọ rọrùn láti mọ̀: ara rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè, orí rẹ̀ dúdú, ojú rẹ̀ pupa. Abo ló ń rú àwọn èèyàn lójú. Àwọ̀ rẹ̀ ṣú, ó fẹ́ jọ ológoṣẹ́, nítorí náà àwọn kan máa ń rò pé ẹyẹ mìíràn ló bá ẹ̀gà dé oko. Ẹyin méjì sí mẹ́ta ni abo ń yé lẹ́ẹ̀kan, ó ń sàba lé e fún nǹkan bí ọjọ́ 12, ọmọ á sì kúrò nílé ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn tó bá pa. Ní gbogbo ìgbà tí ọmọ bá wà nílé yẹn, kòkòrò ni wọ́n fi ń bọ́ ọ jù. Ẹ rántí kòkòrò tó ń wọ ọkàn àgbàdo, tó dé Nàìjíríà ní 2016, tó sì ń jẹ ewé di ihò. Ẹyẹ tó ń ṣa irú kòkòrò bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọ̀tá oko láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ìgbà tí hóró bá gbomi nìkan ni ọ̀rọ̀ àwa àti ẹ̀gà ń le.

Ó ku ọ̀bọ. Oríṣi méjì ló ń wọ oko ní ìhà tiyín, ó sì yẹ kí ẹ mọ èyí tó jẹ́. Ìjímèrè pupa rúsúrúsú lẹ́yìn, ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn, ó sì funfun. Inú ọ̀dàn gbalasa ló ń gbé, kò sì sí èyí tó ń sá eré tó o nínú gbogbo ìdílé ọ̀bọ: ó lè sá kìlómítà 55 láàárín wákàtí kan. Èkejì ni ọ̀bọ etídò, èyí tí mo fura sí nítorí ibi tí oko yín wà. Ojú rẹ̀ dúdú, ìlà funfun kan wà lókè ìpéǹpéjú rẹ̀, irun ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ funfun ó sì gùn, ẹ̀yìn rẹ̀ pọ́n mọ́ àwọ̀ ewé gbígbẹ, ẹpọ̀n akọ rẹ̀ sì dà bí ohun tí wọ́n rẹ láró. Akọ tó dàgbà lè wọn kílò márùn-ún. Ẹ̀gà kan ò ju nǹkan bí ogójì gíráàmù lọ, nítorí náà ẹ̀gà tó lé ní ọgọ́rùn-ún ni ẹ ó kó jọ kí wọ́n tó wúwo tó ọ̀bọ kan ṣoṣo.

Ọwọ́ ni ọ̀bọ fi ń kórè, ibẹ̀ ni àmì rẹ̀ wà. Ó ń fa igi tẹ̀, ó ń ṣẹ́ ọmọ àgbàdo láti ìdí, ó ń bó háhá sílẹ̀ bí èèyàn ṣe ń bó o, ó sì ń bù ú jẹ láti ẹ̀gbẹ́. Ẹ ó rí ojú eyín níbẹ̀, ẹ ó sì rí hóró tó ti kúrò pátápátá, tí èèpo kankan kò kù nínú ihò. Kì í jẹ ẹ́ tán. Á gé e jẹ díẹ̀, á sọ ọ́ nù, á ṣẹ́ òmíràn. Bó bá ń kánjú, á kó hóró sínú àpò ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì, á gbé ọ̀kan dání, á sá lọ sábẹ́ igi láti lọ jẹ ẹ́ ní ìrọ̀rùn. Nítorí náà, ẹ má wo inú oko nìkan. Ẹ lọ wo abẹ́ àwọn igi etídò tó súnmọ́ oko jù. Bí ẹ bá bá ṣùkù àti háhá níbẹ̀, ẹjọ́ ti parí. Ilẹ̀ rírọ̀ etí odò náà á sọ tirẹ̀: ojú ọwọ́ onítẹ́ẹ́rẹ́ tó ní ìka márùn-ún, àtàǹpàkò rẹ̀ sì dá yà sọ́tọ̀. Bí ẹ bá rí i pé oko bàjẹ́ gan-an níhà odò, tí ìhà ọ̀nà sì dára, ìyẹn náà jẹ́ ẹ̀rí. Ẹ̀gà ní tirẹ̀ máa ń bà síhìn-ín bà sọ́hùn-ún, ibi tó bá ti rí igi tàbí okùn tó lè bà lé ló ti ń bẹ̀rẹ̀.

Kí ẹ tó náwó sí ohunkóhun, ẹ ka àdánù yín. Ẹ mú ibi márùn-ún, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti àárín oko. Níbi kọ̀ọ̀kan, ẹ ka igi 20 tó tẹ̀ léra lórí ìlà kan. Igi 100 ni gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ẹ kọ iye tí orí rẹ̀ ya, iye tí ọmọ rẹ̀ ti lọ, iye tí igi rẹ̀ ṣẹ́. Bí orí yíya ò bá ju márùn-ún lọ nínú ọgọ́rùn-ún, lójú tèmi, owó tí ẹ ó san fún ẹni tí yóò máa lé ẹyẹ á pọ̀ ju ohun tí ẹ̀gà jẹ lọ. Ti ọ̀bọ yàtọ̀. Bí ẹ bá gbin àgbàdo ní sẹ̀ǹtímítà 75 sí 25, igi kọ̀ọ̀kan níbi kọ̀ọ̀kan, nǹkan bí 21,000 igi ló wà lórí éékà kan. Agbo ọ̀bọ lè tó mẹ́wàá, ó sì lè tó ọgbọ̀n. Ká ní ogún ni wọ́n, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ṣẹ́ mẹ́wàá láàárọ̀ ọjọ́ kan, igba ọmọ àgbàdo ti lọ, ìyẹn jẹ́ bí ọ̀kan nínú ọgọ́rùn-ún éékà kan. Bí wọ́n bá wá lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ ṣírò rẹ̀ fúnra yín. Nítorí náà ọ̀bọ ni mo kà sí èyí tó burú jù ní oko etídò. Ní oko tó jìnnà sódò, tó súnmọ́ ọ̀pẹ tàbí igi tí ilé ẹ̀gà kún, èmi á kọ́kọ́ mú ti ẹ̀gà.

Ìyàtọ̀ tó tóbi jù láàárín wọn kò sí lójú ìjẹ, ó wà nínú bí wọ́n ṣe ń gbé ayé. Ẹ̀gà ń tẹ̀ lé àsìkò. Ibi tí hóró bá ti gbomi ni agbo wọn ń lọ, bó bá le, wọ́n á wá ibòmíràn. Ọ̀bọ ní tirẹ̀ ní ilẹ̀, ó sì ń rántí. Oyún rẹ̀ ń gbà tó oṣù márùn-ún ààbọ̀, ọmọ kan ló sì sábà ń bí, tí yóò máa tẹ̀ lé ìyá rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Abo kì í kúrò nínú agbo tí wọ́n bí i sí, akọ ló ń ṣí lọ bó bá dàgbà. Ní 2013, àwọn onímọ̀ kan ní Gúúsù Áfíríkà tẹ ìwádìí kan jáde lórí ìbátan ọ̀bọ yìí gan-an. Wọ́n rẹ àgbàdo ní àwọ̀ méjì, wọ́n sì mú kí àwọ̀ kan korò. Agbo kan kọ́ pé aláwọ̀ báyìí ló korò, agbo kejì kọ́ òdìkejì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n mú ìkorò náà kúrò. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn ìgbà yẹn, àwọ̀ tí ìyá wọn ń jẹ ni wọ́n ń jẹ. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn akọ tó ṣí wá láti agbo mìíràn náà fi ti àtijọ́ sílẹ̀, wọ́n ń jẹ ohun tí àwọn onílé ń jẹ. Ohun tí èyí túmọ̀ sí fún yín ni pé bí ìyá ọ̀bọ mẹ́ta bá ti mọ̀ pé àgbàdo dídùn wà lóko yín, ogún ìní ni wọ́n ń fi oko náà sílẹ̀ fún ọmọ wọn. Pípa ọ̀kan kò pa ìmọ̀ yẹn rẹ́.

Látàrí èyí, ọjọ́ ni ẹ ó fi borí ẹ̀gà, ilẹ̀ ni ẹ ó fi borí ọ̀bọ.

Ẹ jẹ́ ká mú ti ọjọ́. Láti ìgbà tí irun àgbàdo bá yọ, yóò tó ọjọ́ 18 sí 22 kí hóró tó kún fún omi funfun. Bó bá di ọjọ́ 24 sí 28, omi náà ti ń ki bí ẹ̀kọ. Lẹ́yìn ọjọ́ 35, hóró ti ń le, ẹ̀gà ò sì rí i gún dáadáa mọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni ẹ nílò ẹni tí yóò ṣọ́ oko fún ẹ̀gà, kì í ṣe gbogbo oṣù. Láti ìgbà tí oòrùn bá yọ títí di aago mẹ́wàá, àti láti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú, ni wọ́n ń jẹ jù. Ẹ na téèpù kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ tàbí ọ̀rá tó ń dán láti òpó dé òpó, kó ga ju orí àgbàdo lọ díẹ̀, kí ẹ lọ́ ọ kó lè máa kọ mọ̀nà bí atẹ́gùn bá fẹ́. Ẹ má nà án ṣáájú kí hóró tó gbomi, torí ọjọ́ díẹ̀ ni yóò fi mọ́ wọn lára. Ère alákìísà tó dúró sójú kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin kò wúlò. Òpó mìíràn ni wọ́n á sọ ọ́ dà. Bí ẹ bá tún fẹ́ gbìn, ẹ bi ẹni tó ń ta irúgbìn bóyá háhá rẹ̀ ń bo orí ọmọ rẹ̀ pa, tó sì fún mọ́ ọn. Irú bẹ́ẹ̀ ń yọ ẹ̀gà lẹ́nu. Kí ẹ sì bá àwọn alábàágbé yín gbìn láàárín ọ̀sẹ̀ kan náà. Oko tó bá dá gbó ṣáájú ni gbogbo ẹ̀gà àdúgbò ń dà bò.

Ní ti ilẹ̀, ìṣòro yín ni pé àgbàdo yín àti igbó etídò ti fara kan ara wọn. Ọ̀bọ kò fẹ́ràn láti rìn níta gbangba nítorí ajá àti èèyàn. Ẹ ro igbó kékeré àti koríko tó wà láàárín oko àti odò, kí ó tó mítà 15 sí 20, kó lè mọ́ kedere. Ẹ má gé àwọn igi ńlá etídò, torí àwọn ló di etí odò mú kí òjò má baà wọ́ ilẹ̀ yín lọ. Lórí ilẹ̀ tí ẹ ro yẹn, ẹ gbin ohun tó kúrú tí ọ̀bọ kì í bìkítà fún: ata tàbí yánmọtí. Ata ló wù mí jù, ìlà mẹ́rin sí mẹ́fà, nítorí pé ẹ ó tún rí owó ibẹ̀. Ẹ má gbin ẹ̀pà tàbí ànàmọ́ síbẹ̀, oúnjẹ lẹ fi pè wọ́n yẹn. Ahéré yín ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ń kọ́ ọ síhà ọ̀nà torí kẹ̀kẹ́ àti ọkọ̀, ṣùgbọ́n ìhà odò ló yẹ kí ahéré àti ajá wà. Kí ajá náà ti gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi. Ẹni tó ń ṣọ́ oko kò gbọ́dọ̀ máa jókòó sójú kan ní aago kan náà lójoojúmọ́. Ọ̀bọ ní aṣọ́nà tí ń gun orí igi láti wò ó, á sì dúró di ìgbà tó bá lọ jẹun. Àwọ̀n tí ń lé ẹyẹ kò ní dí ọ̀bọ lọ́wọ́, wáyà ọgbà náà yóò gùn ún kọjá.

Fún oko tó wà nílẹ̀ yìí, tó ti pẹ́ jù láti gbin ata, ẹ ká ìlà mẹ́wàá tó kọjú sódò báyìí ní tútù, kí ẹ tà á fún àwọn tí ń sè é àtàwọn tí ń sun ún. Ẹ kó gbogbo ṣùkù àti àgbàdo jíjẹkù kúrò nílẹ̀ àti lábẹ́ igi. Ibi tí ẹ ká yẹn ti di gbangba tí wọ́n á máa bẹ̀rù láti là kọjá.

Oògùn wá kù. Àgbàdo tí ẹ po májèlé mọ́ kò mọ olè yàtọ̀ sí onílé. Adìẹ, ewúrẹ́ àti ajá ọlọ́dẹ á jẹ ẹ́. Àṣá tó bá gbé ẹ̀gà tó ń kú lọ lè kú. Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni pé ọ̀bọ tó jẹ ẹ́ kò ní kú sójú kan. Ẹlòmíràn á rí i, á yan án, á gbé e lọ sójú títì láti tà, onílé kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ á sì rà á lọ bọ́ ọmọ rẹ̀. Òjò á fọ ìyókù lọ sínú odò tí ẹ ń pọn. Pàkúté onírin náà kò ya ẹsẹ̀ ọmọ èèyàn sọ́tọ̀. Bí oko yín bá sì súnmọ́ ọgbà ẹranko ti Ọ̀yọ́-Ilé, tó jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀ láti 1991, tó sì fẹ̀ tó kìlómítà 2,512 níbùú lóròó, ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin ni láti dẹ ẹranko nínú rẹ̀. Ọ́fíìsì wọn wà nílùú Ọ̀yọ́. Bí agbo ọ̀bọ bá ń tinú ọgbà wọ oko yín lemọ́lemọ́, ẹ lọ fi tó wọn létí, kí ẹ mú àkọsílẹ̀ igi 100 tí ẹ kà dání, ọjọ́ àti aago tí ẹ rí wọn.

Ẹ má jẹ́ kí ọmọ kékeré dá lé ọ̀bọ. Akọ tí wọ́n bá há mọ́ á bunijẹ, eyín rẹ̀ sì gùn. Bó bá bu ẹnikẹ́ni jẹ tàbí tó fi èékánná ya á, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, ẹ má fi ewé tàbí epo dí i, kí ẹ sì gbé e lọ ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà fún abẹ́rẹ́ dìgbòlugi, kódà bí ojú ọgbẹ́ náà kò bá tó nǹkan.